Ìyá Táíyé Méjì

Ọláfimíhàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ara ògiri, òógùn ń kán sínú kẹrosíìnì tó fi ń pa ọ̀dà pupa rẹ́. Òun fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ káńsù, ló kọ WÓ O gàdàgbà síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ìwé tí wọ́n fún un ní kó lọ sàmì sí ilé Ìyá Táíyé, l'Ókè-Àfá, tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé gọ́tà. Ó béèrè ilé Ìyá Táíyé, wọ́n nawọ́ sí èyí, ó sì kùn ún. Ìyá Táíyé kejì wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Ká ní ó tiẹ̀ wá gọ́tà ni, ì bá rí i pé kò sí gọ́tà kankan níbí.

"Rọra o, ọmọ mi," ni obìnrin onílé wí. "Òpònú kan ló wá ba ilé mi jẹ́, wọ́n wá rán ọmọlúàbí wá tún un ṣe. Ọlọ́run á bá ẹ kọ́ tìẹ."

Àdúrà náà dun Ọláfimíhàn ju èpè lọ. Ayálégbé méjì ti kó lọ nítorí àmì yẹn.

"Mọ́mì, èmi ni òpònú náà. Mi ò béèrè Ìyá Táíyé wo."

"Mo gba àdúrà mi padà," ni obìnrin náà wí. " Igun òkè yẹn ṣì pupa. Ha á."

Ó ha á títí ó fi mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì lọ. Kò gbọ́ "ó dàbọ̀" lẹ́yìn rẹ̀.