Abìjàwàrà Kì Í Dúró Kó Kàn Án

Rárá. Mo ti sọ pé rárá, rárá náà sì ni. Abìjàwàrà ò ní jókòó sídìí tábìlì eré mi. Kí ló dé tí obìnrin yìí ò gbọ́? Ó tún pè mí láàárọ̀ yìí, ohùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ọkọ mi kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú un ṣeré lónìí. Lẹ́ẹ̀kan péré." Mo pa fóònù mọ́ ọn létí — èmi tí n kì í gbóhùn sókè sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Inú ń bí mi bíi kí n gbé odó mì. Òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ère kékeré ti Abìjàwàrà tó ní kí n gbẹ́ fún òun wà níwájú mi lórí tábìlì iṣẹ́, kò tíì lójú, kò tíì lẹ́nu. Kí n fọ́ ọ. Òòlù kan ṣoṣo, gbàù, orí á fò lọ sínú iyẹ̀ igi. Ó parí.

Mi ò fọ́ ọ. Mo gbé òòlù sílẹ̀, mo mú ọ̀bẹ. Kí ni mo tún ń gbẹ́ ẹ fún, nígbà tí mo ti ní mi ò gbà?

Òfin ni. Ẹni tó bá ń darí eré gbọ́dọ̀ lófin. Èmi ni atọ́kùn: èmi ni mò ń sọ ohun tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, igbó, odò, ọ̀tá. Oníkálukú ní ẹ̀dá tirẹ̀, tí ère kékeré dúró fún lórí tábìlì, á sì sọ ohun tí ẹ̀dá náà ṣe nígbà tó bá kàn án. Tó bá ju ẹ̀ṣẹ́, èmi ni màá ju dáìsì olójú ogún lẹ́yìn pátákó mi, màá sọ bóyá ó bà á tàbí kò bà á. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ẹnu là ń fi ṣe é, ẹnu náà la fi ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwa mẹ́rin, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, nínú ṣọ́ọ̀bù mi: ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa tírélà, ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, Tíṣà aládùúgbò wa, èmi. Ìgbádùn la bá wá síbẹ̀. Ìgbádùn!

Àmọ́ Abìjàwàrà... Abìjàwàrà yàtọ̀ sí gbogbo ẹ̀dá tó kù. Tí wọ́n bá ti nà án lẹ́ẹ̀mẹta, kì í dúró kó kàn án mọ́. Kò sí dáìsì tó lè dá a lẹ́kun. Á máa ṣá ohun tó bá wà nítòsí títí ọwọ́ á fi rọ̀ ọ́. Tíṣà mú un wá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ — Tíṣà tí ò lè pa eṣinṣin! Àwọn ọmọ ogun ta á lọ́fà mẹ́ta lórí afárá, ló bá ya wèrè. Ó fi àáké la agbárí ọ̀gágun. Ó fa ọwọ́ ẹnìkejì yọ léjìká, ó fi ọwọ́ náà lu ẹnìkẹta pa. Ó yí padà, ó bẹ́ orí olórí ẹ̀ṣọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe nígbà yẹn, orí ń yí gbirigbiri lọ sínú odò. Gbogbo wa gbójú kúrò lórí tábìlì. Ìyàwó wa nìkan ló ń wo ère tó ṣubú, kò mójú kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi wá lu tábìlì: "Káfíńtà, má jẹ́ kí n tún rí irú nǹkan yẹn níbí mọ́ o!" Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi." Ọjọ́ yẹn ni òfin ti jáde lẹ́nu mi —

Lẹ́nu mi? Ó dáa. Lẹ́nu mi.

Ẹ̀dá ti ìyàwó wa, olùwòsàn ni. Kì í gbé ọ̀bẹ, kì í gbé kùmọ̀. Ó ń di ọgbẹ́, ó ń gún ewé. Ó bá a mu, gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀: ìyàwó wa, oníwà tútù. Kí ló wá fẹ́ fi àáké ṣe? Ìbéèrè ló sì ń dà bò mí. Ṣé Abìjàwàrà lè ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì láti òde? Tí ẹni tó ń nà án bá sùn lọ ńkọ́? "Ọkọ mi kékeré, ẹni tí wọ́n bá ti lù tó, ṣé ó ṣì ní láti dúró kó kàn án?" Mo ní òfin ni òfin, ìyàwó wa. Mo rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Tó bá lóun ò gbọ́, màá fi hàn án lónìí. Màá pa olùwòsàn yẹn, kí gbogbo wa sinmi. Lórí afárá, bí wọ́n bá ṣe ń sọdá. Mo ti ń rí i. Ẹnì kan á yọ láti ẹ̀yìn, á fà á nírun, á gbá ojú rẹ̀ mọ́ òkúta, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, eyín á fọ́n ká. Olùwòsàn á nawọ́ sí àpò ewé. Ẹni náà á fi bàtà tẹ ọwọ́ ọ̀hún títí egungun á fi dún, á wá fi àtàǹpàkò méjèèjì fún un lọ́rùn — àtàǹpàkò tó ki, èékánná rẹ̀ dúdú fún epo ọkọ̀ —

Epo ọkọ̀? Kò sí ọkọ̀ nínú eré mi. Ẹṣin là ń gùn.

Ọwọ́ ta ni mo rí yẹn?

Yéè! Ọ̀bẹ yọ̀. Ó bọ́ lára igi, ó wọ ìka mi. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára ère, ó ń ṣàn gba ibi tó yẹ kí ẹnu wà. Mi ò nù ún. Kí n ronú. Kí n fara balẹ̀ kí n ronú.

Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe adigunjalè báyìí. Ẹlẹ́wọ̀n tó sá, tí wọ́n ti gé létí kan, tó ń sùn sínú kòtò. Síbẹ̀, "ẹ" ni mò ń bá adigunjalè náà sọ! "Ẹ fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ jí ẹṣin náà gbé." Tíṣà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Atọ́kùn, olè wo là ń pè ní ẹ̀yin?" A máa ń rẹ́rìn-ín. Kí n wá ṣe é báwo? Ẹ̀gbọ́n mi ló pọ̀n mí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mo gbá olùwòsàn yẹn létí, ó ń fi wá falẹ̀." A rẹ́rìn-ín. Eré ni. Mo ju dáìsì. Ó bà á, olùwòsàn ṣubú. Nígbà tó yá, ó tì í sínú iná tí wọ́n dá sójú ọ̀nà. Mo ju dáìsì. Èyí tí a ṣe kẹ́yìn, ó ní òun ṣẹ́ ẹ lápá òsì, torí ó dáhùn kí òun tó béèrè. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín mọ́, bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Èmi... mo ju dáìsì. Mo ní, "Ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n mi." Mo tún fi ẹnu ṣe ìró egungun náà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Tó bá jẹ́ Tíṣà ńkọ́? Màá ní, "Tíṣà, a kì í lu ẹni tá a jọ ń rìn." Mo gbẹ́sẹ̀ lé májèlé Tíṣà. Mo gbẹ́sẹ̀ lé ìyẹ́ tó fẹ́ fi máa fò. Mo gbẹ́sẹ̀ lé Abìjàwàrà. Òfin mi pọ̀ bí irun orí. Èwo ló mú ẹ̀gbọ́n mi nínú wọn?

Dúró ná. Lẹ́yìn eré yẹn... àárín ọ̀sẹ̀ ni mo rí ìyàwó wa tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn. Apá òsì. Àbí mi ò rántí dáadáa? Òsì ni. Ó ní òun já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Mo ní pẹ̀lẹ́, mo ní kó máa rọra rìn. Àtẹ̀gùn wo? Ilé ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Èmi ni mo kan gbogbo ilẹ̀kùn inú rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀. Àtẹ̀gùn kan ò sí níbẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá wọn sì rèé, mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Irin tí wọ́n fi ń tì í láti inú ló já kúrò lára férémù, ìṣó rẹ̀ tẹ̀ síhà inú, igi ya. Ẹni tó wà lóde ló já a wọlé. Kò sí káfíńtà tí ò ní mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Mo fi ìṣó tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kàn án padà, mo gba omi mu lọ́wọ́ ìyàwó wa, mo lọ sílé. Tọkọtaya ni wọ́n, mo ní. Ẹni tó bá dá sí i, òun ló máa jẹ̀bi tí wọ́n bá parí ìjà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ — èmi ka ẹ̀fà, mo sì dúró síbẹ̀.

Inú ń bí mi. Sí ta ni? Kí n dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ wọlé, òòlù, agbárí, gbàù, kó ṣubú lé ẹ̀yìn tó fi pọ̀n mí — Ọlọ́run mi. Wò ó, mo ti ń ṣe Abìjàwàrà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò nà mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò nà mí rí láyé mi.

Fèrè ọkọ̀ ń dún lóde. Òun ni, òun nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ìyàwó wa á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á gbé apá lé itan.

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kì í ṣe àáké ni ìyàwó wa ń tọrọ lọ́wọ́ mi. Níbo tún ni wọ́n ti lè dá ọkọ rẹ̀ lẹ́kun? Ìdí tábìlì yìí nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́dọ̀ wojú mi kó tó ju ẹ̀ṣẹ́. Látọjọ́ yìí ló ti ń bi mí bóyá atọ́kùn wà níbí. Mo sì kó gbogbo rárá tí mo ní, mo dì í lé ẹni tí wọ́n ń lù lórí.

Mo gbé ère náà síwájú àga ìyàwó wa, tòun ti ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Mo ń dán ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu. Rárá, ẹ̀gbọ́n mi. Rárá, ẹ jọ̀ọ́... kì í ṣe ẹ jọ̀ọ́. Rárá. Ẹ ò gbọdọ̀ nà án mọ́. Níbí, nílé. Ó wúwo lẹ́nu mi, mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Fèrè tún dún. Abìjàwàrà kì í dúró kó kàn án. Obìnrin yìí dúró, ó dúró títí apá rẹ̀ fi ṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òun ló kàn. Èmi ló ti kàn látọjọ́ yìí.