Abẹ́rẹ́ Tí Wọ́n Fún Konadu

Frema ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò oògùn ní Kumasi. Iṣẹ́ wa kò ju kí a mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n kọ sára oògùn ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n á kó o wá láti ọjà, láti ilé ìwòsàn, láti ẹnubodè. A ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sì gbé e fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ti omi náà gba inú ọ̀pá tín-ínrín kan kọjá, ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ á jáde ní àsìkò tirẹ̀, á sì ya òkè sójú kọ̀ǹpútà. Bí òkè bá ga tó bó ṣe yẹ, oògùn pé. Bó bá kúrú, oògùn kò pé. Bí ibẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ta omi lásán fún aláìsàn.

Frema máa ń bá ẹ̀rọ yẹn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ arúgbó. Bó bá ń lọ́ra láàárọ̀, á ní, "Màmá àgbà, ẹ dìde, ilẹ̀ ti mọ́." Bó bá sì ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń jẹ kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín kí ọ̀sán tó pọ́n, á ní, "Dufie, ọkùnrin tó bá máa fẹ́ ọ, kó kọ́kọ́ lọ dá oko."

Konadu ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Asuafo ni Konadu ń gbé, abúlé ìyá wọn, níbi tí ó ti fẹ́ Nsiah, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi alùpùpù kó oògùn láti ilé ìkóoògùnsí ìjọba lọ fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tó wà lọ́nà oko. Frema kò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ó ní ẹni tó ń gun alùpùpù láti òwúrọ̀ dalẹ́, eruku ni yóò máa fi bọ́ ìyàwó. Ṣùgbọ́n nígbà tí Konadu lóyún, tí kò sí ohun tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu àfi ìgbín nínú ọbẹ̀ ẹyìn, inú igbó ni Nsiah ń jí lọ kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, yóò sì gbé ìgbín wá sílé nínú fìlà rẹ̀. Frema sọ fún mi pé òun ti dárí jì í. Ó ní, "Ọkọ ìgbín ni, ṣùgbọ́n ọkọ ni."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Konadu bímọ ní ilé ìwòsàn kékeré Asuafo, lásìkò tí oòrùn máa ń mú bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ọmọbìnrin ni. Ọmọ ké, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n gbé e fún òun. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó wà níbẹ̀ ni Ìyá Agyeiwaa, ẹni tó ti gbẹ̀bí ìdajì Asuafo. Òun náà ló gbẹ̀bí ìyá Nsiah nígbà tó bí i. Ó fún Konadu ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ilé ọmọ súnkì kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ó fún un ní òmíràn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn rẹ̀ títí òógùn fi bo ojú òun fúnra rẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù kan, wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọn kò tíì dé ojú ọ̀nà ọ̀dà tí Konadu fi dákẹ́.

Ibi iṣẹ́ ni Frema wà tí wọ́n fi pè é. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó rọra gbé ìgò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó sì wò mí.

"Dufie, bá mi pa ẹ̀rọ. Konadu ti lọ."

Abúlé kò pẹ́ rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Àwọn kan ní ojú Ìyá Agyeiwaa ti ń ṣe bàìbàì, omi lásán ló fà sínú abẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn ní ó ti ta ojúlówó, ó fi ayédèrú rọ́pò. Àwọn obìnrin tó gbẹ̀bí fún kò kí i lójú ọ̀nà mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Boadu, ẹ̀gbọ́n ìyá Frema lọ́kùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí, sọ gbangba pé bí àwọn bá ti sin òkú tán, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló kàn.

Nígbà tí òkú pé ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹbí wọ dúdú àti pupa, tí wọ́n to àga síta láti gba ìbánikẹ́dùn, Ìyá Agyeiwaa wá. Kò sẹ́ni tó fún un ní àga. Ó dúró sáàárín agbo, ó ń wo ilẹ̀. Mo jókòó ti Frema, mo rí i nígbà tó dìde, tó fa àga tirẹ̀ fún obìnrin náà. Kíkùn sọ láàárín ẹbí. Ìyá Agyeiwaa kò jókòó.

Ó ní, "Frema, ọmọ mi, mo fún un. Abẹ́rẹ́ yẹn wọlé. Mo ń retí kó ṣiṣẹ́, kò ṣiṣẹ́."

"Ó ṣẹ́kù, mà?"

"Ó ṣẹ́kù nínú fíríìjì. Mi ò tíì fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Frema fúnra rẹ̀ ló gbé àwọn ìgò abẹ́rẹ́ tó kù wá sí Kumasi, nínú yìnyín. Ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Dókítà Asiedu, ọ̀gá wa, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í ṣe adájọ́ ọ̀fọ̀ náà. Èmi ló gbé e fún. Ó tún ní kí wọ́n mú irú abẹ́rẹ́ kan náà wá láti ilé ìkóoògùnsí tí ti Asuafo ti wá, èyí tí wọ́n jọ kó jáde nílé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí a lè fi wọ́n wé ara.

Mo kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ojúlówó tí a fi ń díwọ̀n. Òkè rẹ̀ gùn sókè dáadáa. Mo fún un ní ti ilé ìkóoògùnsí; ìyẹn náà gùn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lẹ́yìn náà ni mo fún un ní ti Asuafo. Ní ibi tó yẹ kí òkè wà, nǹkan kékeré kan yọ bí ebè ọmọdé, òkìtì wẹ́wẹ́ mélòó kan sì fọ́n yí i ká. Mo mọ àwọn òkìtì wẹ́wẹ́ yẹn. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù nìyẹn bí ooru bá ti tú oògùn náà palẹ̀. Mo tún un ṣe pẹ̀lú ìgò mìíràn, bákan náà ló rí.

Frema dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn gíláàsì, kò wọlé. Ojú mi ló ń wò, kò wo ẹ̀rọ. Nígbà tí mo jáde, ó bi mí bóyá ayédèrú ni.

"Kì í ṣe ayédèrú," ni mo wí. "Ojúlówó ni. Ooru ló pa á."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i.

Ó kù kí a mọ ibi tí ooru ti bá abẹ́rẹ́. Dókítà Asiedu rán mi lọ sí Asuafo. Agbára oòrùn ni fíríìjì Ìyá Agyeiwaa ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo fi ohun tí a fi ń díwọ̀n ooru sínú rẹ̀, kò sí àléébù kankan. Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Mo wá sọ fún un pé olùtọ́jú ilé ìkóoògùnsí ní inú ọ̀tútù ni òun ti gbé páálí abẹ́rẹ́ náà jáde, àti pé ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà náà.

Ìyá Agyeiwaa ní, "Ìgbà ọyẹ́? Ìgbà tí oòrùn ti le ló tó tẹ̀ mí lọ́wọ́."

Ó mú ife kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó tún ń fọ̀ ọ́. Àwa méjèèjì mọ ẹni tó ń kó oògùn wá sí Asuafo.

Ó ní, "Jẹ́ kó jẹ́ èmi."

"Mà?"

"Èmi ni kí ẹ sọ pé ó ṣe é. Mo ti gbọ́ èébú tán, kò sí èyí tó kù tí wọn ò tíì bú mi. Ọmọkùnrin yẹn ní ọmọ tó fẹ́ tọ́."

N kò lè ṣèlérí fún un. Mo padà sí Kumasi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dókítà Asiedu àti Frema. Dókítà ní a máa kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ, a kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun tí a máa kọ ni pé kò sẹ́ni tó fún àwọn alálùpùpù ní kúlà tàbí yìnyín rí, páálí lásán ni wọ́n ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Frema mọ abúlé rẹ̀. Ó ní kí Nsiah tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọjà, ẹnu òun ni kó ti gbọ́. Ó ní kí n bá òun lọ.

A bá Nsiah nílé ìyá Frema, ọmọ sùn lé e léjìká. Ó ti rù. Frema bi í léèrè páálí náà bí ẹni ń béèrè ọ̀nà. Ó sọ fún wa láìfi nǹkan kan pamọ́. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù òun ló kọṣẹ́. Ohun èlò tí wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe pẹ́ kó tó dé. Òun kò fi páálí sílẹ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì nítorí olè. Òun rù ú wálé, òun gbé e sórí pákó lókè yàrá, lábẹ́ páànù, kí eku má baà dé ibẹ̀.

"Konadu ló fi aṣọ bò ó," ni ó wí. "Ó ní eruku ò gbọdọ̀ bà lé oògùn aláboyún."

Frema di ọwọ́ mi mú. Ó sọ fún un lẹ́yìn náà, ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó sọ bí ooru ṣe ń ba abẹ́rẹ́ yẹn jẹ́ láìyí àwọ̀ rẹ̀ padà, láìsí òórùn, láìsí àmì kankan. Nsiah kò gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn ọmọ.

"Nínú yàrá wa ló wà," ni ó wí. "Abẹ́ rẹ̀ ni Konadu ń sùn."

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ọ, Nsiah."

"Àǹtí, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé bí mo bá ti gbé e lọ tààrà, ì bá wà láàyè?"

Mo rò pé Frema máa parọ́, n kò sì ní dá a lẹ́bi.

"Bóyá," ni ó wí. "Àwọn kan wà tí abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ fún. Ṣùgbọ́n bóyá."

Nsiah mi orí. Ó rọra gbé ọmọ lé Frema lọ́wọ́, ó ti orí rẹ̀ dáadáa kó má baà jí, ó sì wọlé. A kò gbọ́ ẹkún. Ìyá Frema, tó ti ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, jáde wá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò sì kúrò níbẹ̀ títí a fi lọ.

Ìwé tí Dókítà Asiedu kọ ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ní àgbègbè wa, inú kúlà ni wọ́n ń gbé abẹ́rẹ́ yẹn báyìí, wọ́n sì ń sọ fún àwọn tó ń gbé e ìdí rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Boadu gbé ìgò ọtí lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ìyá Agyeiwaa níṣojú àwọn àgbà. Ó gba ọtí náà, ó dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n kò gbẹ̀bí mọ́. Ó ní bí òun bá ti mú ìgò abẹ́rẹ́, òun ò mọ̀ mọ́ bóyá oògùn ló wà nínú rẹ̀.

Nsiah ta alùpùpù. Ó lọ bá àwọn ìbátan bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó ní Sefwi, ìyá Frema sì ń tọ́ ọmọ náà, tí wọ́n sọ ní orúkọ ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ká kòkó tán lọ́dọọdún, ó máa ń wá. Ní ọdún tó kọjá, mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú Frema nígbà tó wọlé. Ọmọ náà ti ń sáré. Ó wo ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù, ó kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Frema la ẹnu láti sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ni. Nsiah mi orí sí i pé kó fi sílẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó sì dá a lóhùn.