Òjò Àkọ́rọ̀ Wọ Dírọ́ọ̀mù Rèbékà

Bí ẹnì kan bá wà ní Molutehin, abúlé orí omi, tó ń rí Rèbékà lára, Kọ́lájọ aládùúgbò rẹ̀ ni. Áásáà kì í kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà. Tó bá ti tutọ́ sódò báyìí, itọ́ ọ̀hún á máa léfòó kọjá lábẹ́ ilé ìyá náà. Ti imú rẹ̀, ká má tilẹ̀ débẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi kọ́ọ̀pù Rèbékà bu omi mu nínú dírọ́ọ̀mù. Rèbékà já kọ́ọ̀pù náà gbà, ó sọ ọ́ sódò.

"Ọ̀bùn! Ọwọ́ rẹ ò gbọdọ̀ kan dírọ́ọ̀mù mi mọ́ láyé!"

"Ẹ má bínú, màmá," ni Kọ́lájọ wí, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Dírọ́ọ̀mù kan yẹn ló ṣẹ́kù nínú omi òjò ọdún tó kọjá. Odò níyọ̀, epo rọ̀bì ń dán lójú rẹ̀. Ṣìkẹ́mi, ọmọ Rèbékà, sì ti bímọ láti ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ wẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bí sétí odò yìí mọ̀ pé a kì í gba òjò àkọ́rọ̀ sílé. Páànù ló wá fọ̀: èéfín dúdú iná gáàsì àwọn tó ń wa epo rọ̀bì, ìgbẹ́ ẹyẹ, gbogbo ẹ̀ ló ń gbá bọ̀. Ńṣe là ń yí gọ́tà kúrò lẹ́nu dírọ́ọ̀mù, ká dé e, kí òjò yẹn kọjá. Rèbékà mọ̀, àmọ́ ayọ̀ ọmọ-ọmọ kó o lọ́kàn lọ. Ó fi gọ́tà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ láàárọ̀, ó lọ ń bẹ Ọlọ́run kó bá òun ṣí Kọ́lájọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ibẹ̀ lòjò ká a mọ́.

Nígbà tó délé, omi ti dúdú, ìgbẹ́ ẹyẹ ń yí lójú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ gbá a nímú. Ọmọ ń ké nínú ilé. Rèbékà kúnlẹ̀ sórí pákó. Kò tíì sọ ju "Baba" lọ tí àjẹ̀ fi kan òpó ilé.

Kọ́lájọ ni. Kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́fà wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin, áásáà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Omi tó mọ́ ni, màmá. Ẹ̀yìn ìlú Zion Pepe lọ́hùn-ún ni mo ti pọn ọ́n. Bójò ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo rí gọ́tà lẹ́nu dírọ́ọ̀mù yín. Mo pe Ṣìkẹ́mi títí, ariwo òjò ò jẹ́ kó gbọ́. Ni mo bá lọ wá èyí tí ẹ óò fi wẹ ọmọ."

"O rí i, o ò wá lè yí gọ́tà kúrò?"

Kọ́lájọ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ ní n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́."

Ẹni tí Rèbékà ní kí Ọlọ́run lé lọ ni Olúwa ti rán níṣẹ́ kó tó lanu tọrọ omi. Ìríra tó ti ń gbé kiri látọjọ́ yìí kò rí ibòmíràn bà lé mọ́, ara òun fúnra rẹ̀ ló wá ń rí i lára.

Ó da omi kẹ́ẹ̀gì sí kọ́ọ̀pù, ó na án sí Kọ́lájọ. Kọ́lájọ ò gbà á, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí àjẹ̀ ti bó ló tẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ dà á síbí, màmá. Kọ́ọ̀pù tuntun nìyẹn."

Rèbékà ki kọ́ọ̀pù náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tó mu tán, ìyá náà gbà á, kò ṣàn án, ó da omi sí i, ó sì gbé e mu, tòun ti òórùn áásáà.