Pọ́ǹpù Tó Sùn Lọ

"Kò lo oògùn kankan," ni pọ́lọ́mbà sọ. Dókítà tún bi í, ó sì tún sọ ọ́ bákan náà.

Irọ́ kọ́ ni ṣá, tí a bá ní ká wò ó dáadáa. Ìyàwó ẹ̀ ò lo oògùn kankan lọ́jọ́ yẹn. Kò lo ti àná, kò lo ti ìjẹta. Odindi ọjọ́ mẹ́fà ni oògùn ò ti kan ẹnu ẹ̀. Ìdí tí kò fi kàn án ni pọ́lọ́mbà ò sọ.

Obìnrin náà sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ojú ẹ̀ padé, ètè ẹ̀ gbẹ. Aránṣọ ni. Láti ọjọ́ méjì ni inú ti ń run ún, ó ń bì, ó ń yàgbẹ́, ara ẹ̀ ń gbóná, ó ní ibà lásán ni. Láàárọ̀ yìí ló dìde pé kóun lọ fọ ojú, ló bá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Pọ́lọ́mbà gbé e. Ọkùnrin tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ní kó gbé táńkì kékeré, á kọ́kọ́ wá èèyàn méjì tó máa bá a gbé e, òun ló dá gbé ìyàwó ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó bá a sáré dé títì. Kò mọ ibi tí agbára yẹn ti wá. Kò sì tíì kúrò lára ẹ̀ tán, torí àyà ẹ̀ ṣì ń lù kì kì kì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ ti dé. Òun ló tọ́ aránṣọ dàgbà, òun àti pọ́lọ́mbà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ fẹ́ aránṣọ, obìnrin yìí ló ní òun ò mọ̀ pé àbúrò òun lè rí gbogbo ọkùnrin tó wà láyé, kó wá lọ mú èyí tó ń yọ nǹkan lójú ihò. Ó dúró sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ó di báàgì ẹ̀ mú.

Dókítà ò dàgbà. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ká irun ẹ̀ sókè, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń pè níbi méjì. Ó ní kí wọ́n fa omi sí aránṣọ lára. Omi àkọ́kọ́ tán, wọ́n so èkejì. Pọ́lọ́mbà ń wò ó bó ṣe ń kán. Lẹ́yìn náà nọ́ọ̀sì wé kinní tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ ọn lápá, ó wò ó, ó tú u, ó tún wé e. Ó mi orí. Ó ní kò gòkè.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni oríkèé ìka aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè fi òwú sí abẹ́rẹ́ mọ́. Láàárọ̀, ó dìgbà tó bá ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kó tó lè dì í. Wọ́n ní làkúrègbé ni. Ilé ìwòsàn kan fún un ní hóró oògùn funfun kékeré, inú ike, wọ́n kìlọ̀ fún un pé kó má pa á jẹ, kó má sì dá a dúró fúnra ẹ̀. Ó gbọ́. Kò sọ fún ọkọ ẹ̀, torí ọkùnrin yẹn, tí èèyàn bá ti dárúkọ àìsàn báyìí, ó máa dìde lọ wo páìpù. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìka ti ń ká, ó ti ń rán aṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ó rí roboto, ikùn yọ, ẹsẹ̀ wá tín-ín-rín. Tó bá fara kan tábìlì díẹ̀, ojú ibẹ̀ á dúdú. Ìyá Áyọ́ọ̀nù, obìnrin tó ń lọ aṣọ fún àwọn èèyàn, tí òun àti aránṣọ jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, ló sọ ọ́ ní Arẹwà Roboto. Àwọn oníbàárà ní ọkọ ẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀. Pọ́lọ́mbà gbọ́, ó ń yan kiri. Ó rò pé ìtọ́jú òun ni lóòótọ́.

Ó dìjọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé tuntun kan, ni ẹni tó ń to táìsì sílẹ̀ níbẹ̀ sọ fún un pé àna òun náà wú bẹ́ẹ̀, pé hóró funfun kan ló wú u, pé kó lọ wo inú àpótí ìyàwó ẹ̀ dáadáa. Ó délé, ó wò ó, ó rí ike. Ohun tó sì máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́ náà ló ṣe. Tí ilé bá ń jò, pọ́lọ́mbà kì í béèrè nǹkan kan, ibi tí omi ti ń wọlé ló máa kọ́kọ́ lọ tì pa, ẹ̀yìn ìyẹn ló ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ ọ, kò sì tíì já a kulẹ̀ rí. Ó da gbogbo hóró yẹn sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó fi omi ṣàn án. Òun tó jẹ́ pé kò sí ilé oníbàárà tó wọ̀ tí kò ní wàásù fún wọn pé ẹ má ju nǹkan kan síbẹ̀.

Aránṣọ wá ike, kò rí i. Ó yẹ inú báàgì wò, ó yẹ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wò. Ó wá rántí pé Ìyá Áyọ́ọ̀nù ti tọrọ hóró méjì rí nítorí orúnkún ẹ̀. Ló bá bi í. Bó ṣe bi í sì ni ìjà, torí ó ní, "Mi ò ní o jí i o, mo kàn ń bi ẹ́ bóyá o mú un." Ìyá Áyọ́ọ̀nù wọ́ tábìlì ìlọṣọ ẹ̀, ó kọjú ẹ̀ sí ògiri, láti ọjọ́ náà wọn ò kíra wọn mọ́. Gbogbo ẹ̀ ni aránṣọ rò fún ọkọ ẹ̀ nílé, títí kan oògùn tó ti fi pa mọ́. Pọ́lọ́mbà ń jẹun, ó ń gbọ́, ó ń jẹun. Ìyàwó ẹ̀ ní ṣebí ọjọ́ tóun máa padà lọ rí dókítà ò ju ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ, ìka òun ò tíì máa dun òun, òun á dúró dìgbà yẹn.

Ọjọ́ kẹfà nìyí.

Ní ẹ̀ka pàjáwìrì yẹn, nọ́ọ̀sì gbé apá aránṣọ sókè, ó rí ibi méjì tó dúdú. Ó wo ojú ẹ̀ pẹ́ títí. Ó wá béèrè bóyá bí ojú yìí ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yọ fóònù, ó wá fọ́tò èṣí jáde, ó nà án sí dókítà. Dókítà wo fọ́tò, ó wo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yíjú sí pọ́lọ́mbà.

"Ẹ gbọ́, sà. Mi ò bi yín ohun tí wọ́n lò lónìí. Láti bí ọdún kan, kí ni wọ́n ń lò?"

Pọ́lọ́mbà ń wo omi tó ń kán. Omi ń wọlé, èkejì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, agbára ò gòkè. Èyí, iṣẹ́ ẹ̀ ni. Tí omi bá wà nínú páìpù tí kò sì ní agbára, páìpù kọ́ lèèyàn máa lọ gbá mú. Ìdí pọ́ǹpù lèèyàn ń lọ. Ó mọ̀ pé ohun tí dókítà ń wá wà lẹ́nu òun. Ó wo ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ì bá wù ú kí obìnrin yẹn jáde lọ ra nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò jáde.

"Ó ń lo kinní kan," ó ní. "Funfun, kékeré. Oṣù mẹ́jọ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà tí kò lò ó mọ́."

"Kí ló dé tí wọn ò lò ó mọ́?"

"Mo dà á nù."

Dókítà ò dúró gbọ́ àlàyé. Ó ti dárúkọ abẹ́rẹ́ kan fún nọ́ọ̀sì kó tó yí ẹsẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ náà, wọ́n sì bá a pé ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún un ní omi oníṣúgà. Nígbà tó máa tó bíi wákàtí kan, nọ́ọ̀sì wé kinní yẹn mọ́ ọn lápá, kò sì tún wé e mọ́. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán ni dókítà tó ráyè. Ó jókòó ti pọ́lọ́mbà lórí bẹ́ǹṣì, ó ya kíndìnrín méjì sẹ́yìn ìwé kan, ó wá fi nǹkan kékeré lé ìkọ̀ọ̀kan lórí bíi fìlà. Ó ní kókó yìí, ẹni tó bá rí i á rò pé ọ̀rá lásán ni, ṣùgbọ́n òun ló ń fi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe họ́mọ́ònù tó ń gbé èèyàn ró. Inú ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti ń da èyí tó ń mú àyà lù, tó ń fún èèyàn lágbára òjijì.

"Òun lẹ fi gbé wọn sáré láàárọ̀," ó ní. "Tiyín ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà."

Ó ní èèpo ẹ̀ ló ń ṣe àwọn yòókù. Ọ̀kan ń di iyọ̀ mú kó má bá ìtọ̀ lọ, torí ibi tí iyọ̀ bá wà lomi ń dúró sí. Òmíràn ni kì í jẹ́ kí ṣúgà tán nínú ẹ̀jẹ̀, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìfúnpá já wálẹ̀, tí àìsàn bá sì dé, òun ni ara ń béèrè ní ìlọ́po. Òun ni kò sí lára ìyàwó ẹ̀. Kì í dá ara ẹ̀ ṣe, ó ní ibi kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ tó ń ránṣẹ́ sí i. Tó bá kéré, ìránṣẹ́ á wá pé ẹ ṣe sí i. Tó bá ti tó, ọpọlọ á dákẹ́. Hóró funfun yẹn sì rèé, irú kan náà ni. Ọpọlọ rí i nínú ẹ̀jẹ̀, ó ní ó ti tó. Oṣù mẹ́jọ kò ránṣẹ́ mọ́. Fìlà méjèèjì sùn lọ, wọ́n sún kì.

"Bọ́ọ̀lù inú táńkì," ni pọ́lọ́mbà sọ.

Kò yé dókítà. Ni pọ́lọ́mbà bá sọ fún un nípa ilé kan tó ti ṣiṣẹ́ rí. Táńkì wà lórí òrùlé, bọ́ọ̀lù ń léfòó nínú ẹ̀, tí omi bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù á bá a lọ sílẹ̀, á pe pọ́ǹpù tó wà nínú kànga. Àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi ọkọ̀, wọ́n ń rọ ọ́ sí táńkì, ó ń kún. Ọdún kan gbáko, bọ́ọ̀lù ò lọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ omi ò wá, táńkì gbẹ, bọ́ọ̀lù ń pe pọ́ǹpù, pọ́ǹpù ò jẹ́. Wọ́n ní pọ́ǹpù ti bàjẹ́ lónìí.

"Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bàjẹ́," ó ní. "Látìgbà tí wọn ò ti pè é mọ́ ló ti ń dì."

Dókítà ní òun máa jí ọ̀rọ̀ yẹn lò fún àwọn aláìsàn òun. Ó ní ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé èyí ò ṣeé lọ rà lọ́jà. Wọ́n á dá hóró yẹn padà, wọ́n á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí ọpọlọ lè rí i pé ó ń lọ sílẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ó lè tó oṣù mélòó kan, ó lè pé ọdún. Tí ara ẹ̀ bá sì gbóná láàárín ìgbà yẹn, wọ́n á fi kún un ni, wọn ò ní yọ kúrò.

Nígbà tí dókítà lọ, ẹ̀gbọ́n ìyàwó wá dúró níwájú ẹ̀.

"Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́ fún un," ó ní. "Ẹnu ẹ ló máa ti jáde."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni aránṣọ jókòó, ó mu tíì, ó bi wọ́n léèrè ẹni tó ti ilé pa. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti ń ro ọ̀rọ̀ kan látìgbà tójú òun ti là.

"Bàbá wọn, tí mo bá kúrò níbí, mi ò ní bá obìnrin yẹn jókòó ní ṣọ́ọ̀bù kan mọ́. Nọ́ọ̀sì ní oògùn tí mi ò lò ló gbé mi ṣubú. Ó fẹ́ẹ́ pa mí, nítorí orúnkún ẹ̀."

Pọ́lọ́mbà ń wo ìka ìyàwó ẹ̀ lára kọ́ọ̀pù. Ó rọrùn fún un kó dákẹ́. Obìnrin yẹn á kó tábìlì ẹ̀, á wá ibòmíràn lọ, kò sì sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan kan mọ́.

"Ìyá wọn, kò mú un," ó ní. "Èmi ni. Mo rò pé òun ló ń wú ẹ. Mo dà á sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì."

Aránṣọ gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀.

"Tọ́ílẹ́ẹ̀tì."

"Òun ni."

"Ìwọ."

"Èmi."

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó kọjú sí fèrèsé. Aránṣọ dùbúlẹ̀ padà, ó fa aṣọ ìbora dé àyà.

"O jókòó, ò ń jẹun, èmi ń pe ọmọlọ́mọ lólè létí ẹ," ó ní. "Lọ sọ fún un. Má pè é lórí fóònù. Fi ẹsẹ̀ ẹ lọ. Tí o bá sọ ọ́ tán, kó o tó padà wá bá mi sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Kò mú irinṣẹ́ dání, ọwọ́ òfìfo ló gbé lọ, ara ẹ̀ ò sì lélẹ̀ nítorí ẹ̀. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó kọjú sí ògiri bí ìyàwó ẹ̀ ṣe wí. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó, kò sì sí eruku lórí aṣọ yẹn, ó hàn pé ẹnì kan ń gbọ̀n ọ́n láràárọ̀. Pọ́lọ́mbà kí i, ó dáhùn láìwẹ̀yìn.

"Ṣé ìyàwó yín ti rí oògùn ẹ̀?" ó bi í.

"Kò sọnù. Èmi ni mo dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́. Ó dákú lánàá, ó wà nílé ìwòsàn, ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Áyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò dúró. Ó lọ ọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó yí i padà, ó lọ ẹ̀yìn ẹ̀, ó ká a, ó fi lé orí àwọn tó kù. Pọ́lọ́mbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

Ìyá Áyọ́ọ̀nù yọ wáyà lára ògiri. Ó mú gèlè ẹ̀ lórí àga, ó ń wé e.

"Wọ́ọ̀dù wo ni Roboto wà?"