Kóòṣì Tó Kọ̀yìn sí Eré Ìje

Gé-e-kúrò ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn, òun náà sì mọ̀. Obìnrin tó ń fi ẹ̀rín gé àwòrán tó dáa kúrò nínú fíìmù, orúkọ wo ni wọn ì bá tún sọ ọ́? Òun ni wọ́n gbé fíìmù ìdíje àgbáyé lé lọ́wọ́, èyí tí ìgbìmọ̀ ìdíje máa ń fi pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Òfin kan ló ṣe fún àwọn tó ń bá a gbé kámẹ́rà: kí tẹlifíṣàn máa wo eré, kí àwọn máa wo èèyàn. Àwòrán tí gbogbo ayé ti rí kò gbọ́dọ̀ wọ fíìmù rẹ̀.

Òfin náà ló wá bá a nílé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, ló fi sí ìlà òpin lọ́jọ́ eré ọ̀nà jíjìn àwọn obìnrin. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ẹni tó gbégbá orókè wọlé, Àbúrò rí kóòṣì ọmọ náà tó kọ̀yìn sí pápá, tó di ojú pinpin, torí àyà rẹ̀ ò gbà á láti wò ó. Ló bá kúrò nídìí ìlà òpin, ó sì dojú kámẹ́rà kọ kóòṣì. Báyìí ni ọmọ tó borí ṣe di òjìji lásán tó kọjá lẹ́yìn èjìká bàbá kan.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọn fárígá. Ó ní Alága ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo fíìmù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Bí kò bá rí ẹni tó borí kedere, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, Àbúrò náà á sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Gé-e-kúrò ní kí Alága máa bọ̀.

Àbúrò fúnra rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká yá àwòrán ti tẹlifíṣàn. Ẹ má torí mi ba iṣẹ́ yín jẹ́.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé torí tìẹ ni? Ká ní kò dáa ni, ìwọ gan-an ni ǹ bá kọ́kọ́ gé kúrò.”

Ó yọ orin kúrò, ó yọ ohùn asọ̀ròyìn kúrò, ó fi ariwo èrò nìkan sílẹ̀. Ká sọ òótọ́, àyà rẹ̀ já díẹ̀. Àmọ́ ó mọ ohun tó ní lọ́wọ́, ojú lọ̀rọ̀ sì wà.

Nígbà tí Alága jókòó sínú yàrá ìwòran, Àbúrò kọ̀, kò wọlé. Nínú fíìmù, ariwo èrò ròkè, ètè kóòṣì ń gbọ̀n. Òjìji kan kọjá. Alága béèrè pé ẹni tó borí dà. Kóòṣì lajú, ṣùgbọ́n kò bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀ ló bi pé, “Ṣé òun ni?” Àwòrán bá mì sókè, ó mì sódò, torí Àbúrò ti gbàgbé pé kámẹ́rà wà léjìká òun, ó sì ti fi orí dá a lóhùn. Bàbá náà bú sẹ́kún.

Àṣìṣe ni irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ pàápàá á gé e kúrò. Alága ní kí wọ́n tún ibẹ̀ fi han òun. Nígbà tó parí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún títí.

“Ibi tó ti mì yẹn,” ó ní, “ẹ má gé e o.”

Gé-e-kúrò jáde síta. Àbúrò dúró lójú fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kò yíjú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n gbà á?”

Gé-e-kúrò yí lọ síwájú àbúrò rẹ̀, ó sì mi orí sókè sódò.