Ẹ Má Yí Gíláàsì Sílẹ̀

Fóòmù ọṣẹ ń hó lára páìpù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Akeem, tó ń tún éèsì ọkọ̀ ṣe, fi ìka hàn Fẹ̀hìntọlá.

"Ẹ wá wò ó, Àǹtí. Ibí ló ti ń jò. Ẹni tó rọ gáàsì sí i fún yín lọ́dún tó kọjá, inú ajádìí agbọ̀n ló rọ ọ́ sí."

Fẹ̀hìntọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Corolla yìí ti dàgbà, ó ju ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí éèsì ọkọ̀ náà ti ń fẹ́ ooru dípò òtútù, kò sì bá a jà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ṣáà ni. Gíláàsì sílẹ̀, atẹ́gùn ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n tòní yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù Akeem, ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí, pẹ̀lú awò dúdú lójú. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n ti yọ nǹkan funfun tó bo ojú rẹ̀ kúrò, dókítà sì ti kìlọ̀ pé eruku kò gbọdọ̀ kàn án. Ọ̀nà Ìperindó, ìlú wọn, ní oṣù kejì, kí ló wà níbẹ̀ bí kò ṣe eruku? Bí wọ́n bá sì yí gíláàsì sókè láìsí éèsì, ooru á sè wọ́n bí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Èyí tó tilẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé kò mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ríran lóòótọ́. Yèyé, bí tọmọdé tàgbà ṣe ń pè é, ní òun ń ríran. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ti Yèyé, etí ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tan gbogbo ilé jẹ. Bí o bá ti la ẹnu báyìí pé "Ẹ káàárọ̀, Yèyé," á ti pe orúkọ rẹ, á ti béèrè àwọn ọmọ rẹ, á tún ní aṣọ yìí mà yẹ ọ́. Ọjọ́ tó bi òpó ilé léèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀ ni àṣírí tú. Lánàá, nígbà tí nọ́ọ̀sì na ìka sókè pé kó kà á, Yèyé ní òun kì í ṣe ọmọ iléèwé.

Akeem pààrọ̀ rọ́bà páìpù tó ti gbó, ó fa atẹ́gùn inú páìpù jáde, kó tó wá rọ gáàsì tuntun. Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá na ọwọ́ síwájú éèsì, òtútù gùn ún dé igbọ̀nwọ́. Inú rẹ̀ dùn.

"Akeem, o ṣe mí lóore. Ọ̀nà tìrẹ náà á dára."

"Àmín, Àǹtí. Ẹ má ṣáà yí gíláàsì sílẹ̀."

Yèyé gbọ́ ohùn rẹ̀, ó kọjú sí i. "Akeem, ọmọ rere. Wo bó ṣe dúdú dáadáa."

Pupa fòò ni Akeem. Fẹ̀hìntọlá di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n wọkọ̀.

Wọ́n kọjá Iléṣà. Inú ọkọ̀ tutù bí ìdí àmù. Yèyé bọ́ awò náà, ó ní ṣe ló ń sọ gbogbo èèyàn di dúdú. Àwáwí, Fẹ̀hìntọlá rò ó nínú ara rẹ̀. Ó ti ń múra ohun tí yóò sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀.

Ní Ìperindó, eruku pupa bo ojú ọ̀nà, ọ̀kadà àwọn tó ń wa góòlù ló ń tú u. Akẹ́rù kan dí wọn lọ́nà, wọ́n dúró. Rùkáyà aládùúgbò wọn, tó ń bó obì lójúde, rí ọkọ̀ wọn, ó sáré wá, ó ń juwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè-sódò. Ṣùgbọ́n gíláàsì wà lókè, éèsì ń fẹ́, ohùn kankan kò wọlé. Fẹ̀hìntọlá fẹ́ yí gíláàsì sílẹ̀ kí wọ́n má baà sọ pé ará Òṣogbo ò kí èèyàn mọ́, ló bá rántí eruku, ó fa ọwọ́ padà.

Yèyé na ọrùn síwájú.

"Ìgbà wo ni eyín iwájú Rùkáyà ká?"

Ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ Rùkáyà nínú ọkọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ eyín.

"Ó ti pẹ́, Yèyé," ni Fẹ̀hìntọlá wí. Omijé ti gba ojú rẹ̀. Ọpẹ́ kún inú rẹ̀ débi pé kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run ni, dókítà ni, àbí Akeem.

Akẹ́rù náà ti kúrò lọ́nà. Fẹ̀hìntọlá kò tíì wa ọkọ̀ lọ, nítorí Yèyé ti fi Rùkáyà sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ìwọ náà ti hu ewú, Fẹ̀hìntọlá."

Gbogbo ọdún tó fi ń wá sílé, tó ń jókòó síwájú ìyá rẹ̀, tó ń rò pé ìyá òun ń wo òun, Yèyé kò rí i. Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí i pátápátá, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ kí Yèyé lè wò ó títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.