Ìṣó Inú Gìgísẹ̀

Ìyàwó mi ti bọ́ bàtà rẹ̀ kí a tó dé ìdí ìlà àyẹ̀wò ní pápákọ̀ òfurufú, bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Mo ní kó wọ̀ ọ́ padà. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, kò sì tíì kàn wá.

"Bàbá Dókítà, ẹ jẹ́ n ṣe tèmi."

"Ọ̀la lọmọ wa máa gboyè. Títí di ọ̀la, bàbá ọmọléèwé ni mí."

N kì í pe ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ọdún méje ni ọmọbìnrin wa fi kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú òkèèrè. Ọkọ̀ òfurufú àárọ̀ yẹn nìkan ló lè gbé wa débẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Aránbàtà ni mí. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹnì kan ló máa ń bọ́ bàtà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí èèyàn bí igba bọ́ tiwọn, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù olówó ńlá ń pàṣẹ fún ẹnì kan lórí fóònù. Bó ṣe bọ́ bàtà, àtàǹpàkò rẹ̀ yọ jáde lójú ihò ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti fóònù bọ àpò. Ìyá arúgbó kan di èjìká ọkùnrin náà mú láti fi bọ́ bàtà tirẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n rí. Ọkùnrin náà dúró gbọin-in títí ìyá fi ṣe tán. Nígbà tí mo gbójú sókè, gbogbo èèyàn ti kúrú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ogójì ọdún ni mo ti ń fi bàtà jẹun, n kò mọ̀ pé ohun tó ń gbé gbogbo wa ga kò ju ìyẹn lọ.

Mo bọ́ tèmi, mo fi sínú àwo ike.

Bàbá mi ló rán bàtà yẹn fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ parí lọ́wọ́ rẹ̀, ọdún mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn. Kò sí ohun tí bàbá mi kórìíra tó ìfiṣòfò. Bí mo bá kan ìṣó tí ó tẹ̀, yóò wò mí, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò ṣà á sínú agolo kan lẹ́yìn àga rẹ̀. "Ìṣó ò ṣẹ̀ ẹ́," ni yóò wí, kò ní fi kún un. Lọ́jọ́ tó gbé bàtà náà fún mi, gbólóhùn méjì ló sọ: "Rọ́bà ìdí ẹ̀ ni kó o máa pààrọ̀. Má tú igi gìgísẹ̀."

N kò tú u. Mo pààrọ̀ rọ́bà, mo pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ nígbà márùn-ún. Bàtà náà wúwo ju bó ti yẹ lọ. Mo gbà pé igi líle kan ni bàbá mi fi ṣe gìgísẹ̀ rẹ̀, mo sì wá irú igi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ta pákó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sẹ́ni tó ní in.

Bẹ́líìtì tó ń gbé ẹrù wọ inú ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún lọ síwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó fi okùn gbé awò ojú kọ́rùn.

"Ta ló ni bàtà dúdú yìí?"

"Èmi ni."

"Bàbá, kí lẹ kó sí gìgísẹ̀?"

"Igi ni."

"Igi kì í rí báyìí lójú ẹ̀rọ, Bàbá. Irin ni."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní àwọn máa la gìgísẹ̀ náà sí méjì kí àwọn rí inú rẹ̀, tàbí kí n fi bàtà sílẹ̀, kí àwọn fún mi ní sálúbàtà. Ogójì ìṣẹ́jú ló kù kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹ fi í lé wọn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká lọ," ni ìyàwó mi wí. "Ṣé ẹsẹ̀ yín lọmọ yín fẹ́ wò ni?"

"Yóò wò ó."

Ó mọ̀ pé yóò wò ó. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọdún mẹ́fà ló ti máa ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kun bàtà yẹn ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́, mo ní bàtà tí mo fi gba òmìnira ni n ó wọ̀ wá wo òmìnira tirẹ̀. N kì í yẹ àdéhùn.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ohun tí ẹ rí," ni mo wí fún ọ̀gá náà.

"Kò bófin mu, Bàbá." Ó wo ọwọ́ mi, àwọn ìka tí gọ́ọ̀mù ti bà jẹ́. "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Ṣúmékà ni mí."

Ó ronú, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí mi.

Mo ti ń la bàtà láti ìgbà èwe mi. Ọ̀bẹ ni mo fi ń rí inú rẹ̀. Èyí kò fẹ́ ọ̀bẹ. Bàtà mi dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìlábòsí, bí ewé tí èèyàn gbé sókè sí oòrùn, gbogbo ìṣó inú rẹ̀ sì hàn. Mo rí àwọn tí bàbá mi kàn yí etí gìgísẹ̀ ká: àlàfo wọn dọ́gba, orí wọn dọ́gba. Ọdún kejìlélógún rè é tó ti kú. Bí ó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé nígbà yẹn, n kì bá dá a mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Mo rí méjì nínú tèmi tó yà.

Nínú gìgísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dì gbágbágbá, bí ìṣáná nínú páálí.

"Kí nìyẹn, Bàbá?"

"N kò mọ̀."

Ìyàwó mi já mi ní èékánná lápá. "Ẹ wá nǹkan sọ!"

"Òótọ́ ni mo sọ. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó ṣí i. Ẹlòmíràn kò ní fi ọ̀bẹ kàn án."

Irinṣẹ́ mi wà nínú àpótí tí wọ́n ti gbé lọ sínú ọkọ̀. Ọ̀gá náà na ọwọ́ sí garawa kan tí wọ́n ń ju ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn sí: ọ̀bẹ, sísọ́ọ̀sì, ẹ̀mú. Ohun tó lè dá ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ kó dànù. Mo mú ẹ̀mú kan.

Ìṣó mẹ́rin ló di rọ́bà ẹsẹ̀ òsì mú. Mo fa mẹ́ta yọ, ìkẹrin kán. Mo bó awọ fẹ́lẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá mi ti gbẹ́ igi náà ní ihò, ó sì da ìda oyin sínú rẹ̀. Nínú ìda náà, ìṣó tò jọ, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì.

Mo yọ ọ̀kan. Ó tọ́, àmọ́ àmì wà láàárín rẹ̀, níbi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi òòlù nà án títí ó fi tọ́. Òmíràn rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn rí bẹ́ẹ̀. Mo rántí agolo ẹ̀yìn àga.

"Ta ló kó wọn síbẹ̀?" ni ọ̀gá náà bi mí.

"Bàbá mi. Èmi ni mo tẹ̀ wọ́n."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà na ọrùn wò ó. "Gbogbo eléyìí?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí mo bàjẹ́ lọ́dún mẹ́fà tí mo fi kọ́ṣẹ́, orí rẹ̀ ni mo ti ń dúró láti ìgbà náà, mo sì ń pè é ní igi.

Ọ̀gá náà fi aṣọ pélébé kan nu àwọn ìṣó náà, ó fi aṣọ ọ̀hún sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wá ohun abúgbàù, ó sì wo èsì rẹ̀. "Ìṣó lásán ni. Ẹ pa á dé, Bàbá, kẹ́ ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú méjìlá ló kù."

Ìṣó mẹ́ta ni mo ní, ibi mẹ́rin ni mo fẹ́ kàn. Mo mú ìkẹrin nínú ìda. Mo dojú bàtà dé orí irin àga, mo fi ẹ̀yìn ẹ̀mú ṣe òòlù. Ìyá arúgbó yẹn ti dúró wò mí, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o," ni ìyàwó mi wí.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lù ú. Ó wọlé tọ́ọ́tọ́.

A wọ ọkọ̀. Àwa la wọlé kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe orúkọ ọmọ wa, mo sì dìde. Ibi tí mo ti yọ ìṣó kan ti ṣófo, àwọn yòókù ń mì nínú ìda. Ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ní gbogbo ìgbésẹ̀ mi. Àwọn tó jókòó níwájú yíjú padà.

"Bàbá Dókítà, bàtà yín ń pariwo," ni ìyàwó mi sọ wọ́ọ́rọ́.

"Jẹ́ kó pariwo."

Ọmọ náà gbọ́ ọ láti orí pèpéle. Ó wo ẹsẹ̀ mi.